Ọ̀pọ̀lọ́ Orí Àpáta Wa

Bí òjò bá dá ní Ìdànrè, omi kì í tètè dá. Yóò ṣì máa sun lára àpáta títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ara òkúta á máa dán bí ara ẹja, ibi tí ewé jíjẹrà bá ti dí ojú ibi tó là ni omi yóò ti máa kán tó, tó, tó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2025, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin dúró sí ìdí àpáta tó wà lẹ́yìn oko kòkó bàbá wa. Òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo ní kó rọra, kó má tan iná náà tààrà sí ohun tí a wá wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé torí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ ṣe wọ mọ́tò láti Ìbàdàn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

N kò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀. Ohun tó gbé mi wálé gan-an ni igbó kékeré kan tó wà láàárín oko kòkó àti ìdí àpáta. Kò tó éékà mẹ́ta. Bàbá wa ò fi àdá kàn án títí ó fi kú. Àbúrò mi fẹ́ ṣán an kó gbin kòkó sí i, ó ti pe àwọn alágbàro wá wò ó, wọ́n sì ti dá iye owó iṣẹ́ náà fún un. Ó fi tó mi létí lórí fóònù bí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ kun ilé. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dúró dè mí.

Ẹni tó bá ti dé ìlú wa yóò mọ̀ pé orí àpáta ni ọ̀rọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkè náà ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gùn ún lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá kọ̀. Lókè níbẹ̀ ni ààfin àtijọ́ Ọwá wà, pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923 wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Ìyá bàbá mi máa ń sọ pé ẹ̀yìn ìyá òun lòun wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ìyá òun ò sunkún ilé, omi ló sunkún fún. Omi orí òkè tutù dé eyín. Tìsàlẹ̀, ewé ló máa ń rùn.

Ní 2007, Nàìjíríà kọ orúkọ Òkè Ìdànrè mọ́ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà kún ogún gbogbo ayé. Ó dùn mọ́ mi nínú, ó ṣì ń dùn mọ́ mi. Àwọn àlejò ń wá, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń ya fọ́tò ààfin, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun jẹ. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan ni ọkàn mi ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Ènìyàn ló kó ẹrù rẹ̀. Àdán inú ihò ò kó ẹrù. Ọ̀fàfà tí í máa ké lóru bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, kò bá wa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan sì wà láàárín wọn tí ayé ò mọ̀ mọ́ ibòmíràn, àfi àpáta wa.

Ọ̀pọ̀lọ́ yìí, kò sẹ́ni tí í jẹ ẹ́. Àkèré là ń jẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sì í ṣe oògùn tí à ń tà lọ́jà ìlú wa, nítorí náà a ò kà á sí nǹkan kan. Onímọ̀ kan láti Denmark, Arne Schiøtz, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1963, ó fi orúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Jean-Luc Perret, pè é. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ò gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ọdún tó lé ní 40, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì bóyá ó ṣì wà láàyè. Ní 2014 ni ìwé jáde pé ẹnì kan láti Yunifásítì Èkó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti òkè òkun ti tún rí i, níbi tó wà tẹ́lẹ̀, lára àpáta Ìdànrè. Nígbà tí mo ka ìwé yẹn, mo jókòó fún ìgbà pípẹ́. Ogójì ọdún! Ogójì ọdún yẹn ni mo fi jẹ́ ọmọdé, tí mo fi dàgbà, tí mo fi ń fi ẹsẹ̀ mi lásán gba orí òkúta yẹn lọ pọnmi. Ọ̀pọ̀lọ́ náà ò lọ ibì kankan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lórúkọ ni kò sí nítòsí.

Bó ṣe ń tọ́ ọmọ ló gba ọkàn mi jù. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn, inú kòtò omi là ń bá wọn, wọ́n á máa fi ìrù gbá omi kiri. Tàwọn wọ̀nyí, ara òkúta tó dúró gangan ni, níbi tí omi ti ń sun. Omi náà ò nípọn ju aṣọ àlà lọ. Ẹ̀dá tín-ń-tín yẹn á lẹ̀ mọ́ òkúta, omi á máa kọjá lára rẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, títí yóò fi hu ẹsẹ̀. Bí omi yẹn bá gbẹ, ó parí. Bí ẹnì kan bá da nǹkan sínú rẹ̀, kò sí ibi tí yóò wẹ̀ sá lọ.

Bàbá mi ò mọ ohunkóhun nípa èyí. Àgbẹ̀ kòkó ni. Kòkó ló fi rán àwa ọmọ márùn-ún nílé ìwé, kòkó ló fi kọ́lé, kòkó náà ló sì ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀ wa, ẹni tó bá mọ òkè Ìdànrè á mọ irú rẹ̀: o rìn díẹ̀ o kan òkúta, o gbẹ́ ilẹ̀ o tún kan òkúta, àfi àárín òkè sí òkè ni ilẹ̀ ti jinlẹ̀ tó dúdú. Níbẹ̀ ni kòkó wà. Bó bá di oṣù kẹwàá títí dé oṣù Kejìlá, gbogbo wa á wà lóko. Àwọn ọkùnrin á fi dòjé orí ọ̀pá gígùn ká a, àwa obìnrin àti ọmọdé á ṣà á jọ, a ó jókòó yí òkìtì ká fọ́ ọ, omi rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. A ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó bí ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà, kó gbóná kó sì rùn bí ọtí, kí a tó kó o síta. Orí àpáta là ń sá a sí. Àpáta gbóná ju ẹní lọ, kì í sì í kọ́ erùpẹ̀ sí kòkó lára. Àgbà kan á jókòó sí ìbòòji, á máa fi igi tú u, á máa lé adìẹ.

Títí di 1986, ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ wa nípasẹ̀ àjọ tó ń rà á, kí wọ́n tó tú àjọ náà ká. Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ ìgbà yẹn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ tó le, síbẹ̀ tó máa ń fi owó oúnjẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, oníkálukú ń bọ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n tirẹ̀. Èyí tó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni oògùn, nítorí oògùn ló so kòkó mọ́ ọ̀pọ̀lọ́.

Kòkó Ìdànrè ń jìyà òjò. Bí òjò bá pọ̀, àbààwọ́n kékeré á yọ lára rẹ̀, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo rẹ̀ á ti dúdú, á sì jẹrà tòun ti kóró. Bàbá mi á po búlúsitóònù, oògùn àrùn náà, sínú dúrọ́ọ̀mù, á gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn, á máa fín igi kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí. Bó bá dé lálẹ́, ọwọ́ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti di aró. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé níbẹ̀ ni agbe ti ń mú aró rẹ̀. A máa ń rí agbe nígbà náà, lórí igi ńlá tó wà nínú igbó kékeré yẹn. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì mi ní Ìbàdàn láìmọye ìgbà. Lọ́dún kan mo bi wọ́n léèrè èwo nínú ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti fojú rí. Lékeléke, ni gbogbo wọn dáhùn, torí pé ó ń tẹ̀lé màlúù. Ọmọ kan ní òun rò pé agbe àti àlùkò jẹ́ orúkọ ènìyàn.

Mo kà á lẹ́yìn náà pé ìròrí ọmọdé mi kò jìnnà púpọ̀ sí òtítọ́. Pupa tó wà nínú ìyẹ́ apá ìdílé àwọn ẹyẹ yẹn, bàbà ló wà nínú rẹ̀. Bàbà náà ló wà nínú búlúsitóònù. Ẹyẹ ń fi bàbà ṣe ẹwà, àwa ń fi wo kòkó sàn, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré tó bá ṣàn bọ́ sínú omi ti pọ̀ jù fún ẹ̀dá tín-ń-tín tó ń gbé inú omi.

Ti àrùn nìyẹn. Ti kòkòrò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò tó ń mu omi ara kòkó nígbà èwe mi, lindane ló wà nínú rẹ̀, òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Gammalin 20. Ó ń pa kòkòrò, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ilẹ̀ kì í tètè kúrò, àwọn ènìyàn ibi púpọ̀ sì ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Ní 2009 ni Àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe, kọ lindane mọ́ májèlé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Mo rántí odò kékeré kan lọ́nà oko wa tí a bá lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹja funfun báláú tí wọ́n fi ikùn lé ojú omi, akàn tó ti kú, àkèré tó ti kú. Èmi àti ìyá mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé oko. Ẹja tó tóbi nìkan ni ẹni tó dà á wá kó.

Bàbá mi kò fọ pọ́ńpù rẹ̀ sí ìdí àpáta rí. Ìdí rẹ̀ ni pé níbẹ̀ la ti ń bu omi mímu. Àárò omi òkè tí ìyá ìyá rẹ̀ sunkún fún ni kò jẹ́ kó gba kànga ìsàlẹ̀ gbọ́. Ó gbẹ́ ibi kékeré kan sí abẹ́ ibi tí omi ti ń sun, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó fi igbá lé e lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé oògùn kọjá ìlà igi orógbó tó wà níbẹ̀, alágbàro ni o, ọmọ ni o, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ dé ojú títì. Nítorí omi tútù tó fẹ́ràn, igbó náà wà. Nítorí igbó náà wà, oòrùn ò rí ìdí àpáta fọwọ́ bà. Bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ríbi gbé nìyẹn lọ́dọ̀ ọkùnrin tí kò mọ̀ pé òun gbà á lálejò.

Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun kan wà tí mo máa ń bá bàbá mi jà lé lórí nínú ọkàn mi. Bí a bá fọ́ kòkó tán, kò ní jẹ́ ká kó èèpo rẹ̀ kúrò lóko. Ó ní ká tú u ká sábẹ́ igi pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà. Oko àwọn mìíràn mọ́ tónítóní. Tiwa rí wúruwùru, kantíkantí á sì máa wọ wá lójú. Ojú ń tì mí bí ọ̀rẹ́ mi bá wá. Mo ti di ìyá ọmọ kí ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò tó sọ fún mi pé kantíkantí ló ń mú kòkó so. Òdòdó kòkó kéré, bí inú rẹ̀ ṣe rí ò jẹ́ kí oyin rí tirẹ̀ ṣe níbẹ̀. Kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó ni igi kòkó kan ń yọ lọ́dún, èyí tó ń di kòkó nínú wọn kò tó nǹkan. Èyí tí kantíkantí ò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti rẹ̀ dànù. Ibo ni kantíkantí wá ń pamọ? Nínú èèpo kòkó tó ń rà àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rin.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ti kú fún ọdún mẹ́ta.

Kí n má bàa ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà: kòkó tí àrùn dúdú bá mú gbọ́dọ̀ kúrò lóko, torí ara rẹ̀ ni àrùn ti ń fò mọ́ òmíràn. Bàbá mi náà ń sin wọ́n. Èèpo èyí tó yè ló ń tú ká. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń pa kòkòrò burúkú kì í bi kantíkantí léèrè ibi tó ń lọ. A ń sanwó fún oògùn, a ń gbé e lé ẹ̀yìn, a ń fi pa ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ẹran ńkọ́? Nígbà èwe mi, ọ̀bọ àti ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́ ara ohun tí a ń retí lóko bí a ṣe ń retí òjò. Ọ̀bọ kì í jẹ kóró kòkó. Ohun funfun dídùn tó yí kóró ká ló ń lá, á sì tu kóró sílẹ̀. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti ṣa kóró yẹn lábẹ́ igi, owó rẹ̀ sì jẹ́ tiwa. Mo fi ra bàtà Kérésìmesì lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi máa ń bínú sí ọ̀bọ, ó ń dẹ tàkúté, ó ń yin ìbọn sókè. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó sọ pé kí wọ́n tán. Bó bá rí kòkó tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti gé lápá kan, á ní, "Ó ti gba tirẹ̀," á sì kọjá.

Lónìí, ọdún yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po kí ẹnikẹ́ni lóko wa tó rí ọ̀bọ kan. Ọdẹ àgbà kan wà ní àdúgbò wa, tó fi ẹtu àti òòrẹ̀ tọ́ ọmọ méje. Mo lọ kí i nígbà tí mo wálé. Ó jókòó síwájú ilé, ìbọn rẹ̀ wà lára ògiri, ó ti dípẹtà. Ó ní òkété àti ọ̀yà ló kù, wọn ò sì yẹ fún irú ìbọn yẹn. Mo béèrè akika lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní nígbà kan, bí ọdẹ bá pa akika, jíjẹ ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìlú ńlá, tí wọ́n ń ra ìpẹ́ rẹ̀ nìkan, tí wọ́n ń san owó tí ẹran ò mú wá rí. "A pa á tán, ọmọ mi. Ó rọrùn láti pa. Bó bá gbọ́ ìró, ó ká jọ ni, kì í sá." Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò láti fòpin sí òwò akika láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bàbá ọdẹ ò gbọ́ nípa rẹ̀. Èmi náà ò rò pé ó yẹ kí n wá sọ fún un bí ẹni tó ń dájọ́. Méje ni ọmọ rẹ̀, méjèèje ló kàwé.

Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí èmi àti àbúrò mi jókòó lórí àga pálọ̀ bàbá wa láti sọ̀rọ̀ igbó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà lẹ́sẹ̀. Òun ló dúró sílé. Òun ló ń jí lọ sóko nígbà tí àwa yòókù ń gba owó oṣù ní ìlú. Ní ìparí 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé jẹ́ nǹkan bí 2,500 dọ́là. Òjò àti àrùn ba ti Ghana àti Côte d'Ivoire jẹ́, nígbà tó fi di òpin oṣù kẹta ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan ti kọjá 10,000; ní oṣù Kejìlá ọdún náà ó kọjá 12,000. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, àbúrò mi rí owó gidi nínú kòkó. Ó pààrọ̀ páànù ilé, ó san gbèsè, ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń sún síwájú láti ọdún méjì. Òun náà ló ń fi orí ara rẹ̀ ṣọ́ oko, nítorí nígbà tí kòkó dowó, olè bẹ̀rẹ̀ sí í ká kòkó tútù lóru. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ajínigbé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sábúlé oko mọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo gbogbo Ìdànrè. Ta ló fi éékà mẹ́ta sílẹ̀ lásán?"

Mo sọ fún un pé kòkó tó bá gbìn lónìí, ó di ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kó tó so, owó tó rí ní 2024 kò ní dúró dè é. Mo tún rán an létí àwọn ọmọkùnrin tó wá pẹ̀lú fóònù, tí wọ́n fẹsẹ̀ rin ààlà oko wa yípo, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí máàpù. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní 2023 ló gbé wọn dé: kòkó tó bá ti inú ilẹ̀ tó jẹ́ igbó tí wọ́n sì ṣán lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọn ò ní gbà á wọlé. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò mú síwájú, wọ́n tún wá sún un lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 2020 yẹn ò kúrò níbẹ̀. Bó bá ṣán igbó náà báyìí, ó lè kó bá kòkó tó wà nínú oko àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Mo rí i lójú rẹ̀. Inú mi ò sì dùn. Mo mọ̀ pé mo ti borí pẹ̀lú ohun tí kì í ṣe ìdí tí mo fi wá. Bí Yúróòpù bá yí òfin rẹ̀ padà lọ́la, igbó yẹn á padà di éékà mẹ́ta tó wà lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró kí òjò dá, tí mo ní kó mú tọ́ọ̀ṣì.

A gba inú igbó náà kọjá. Ó tutù ju oko lọ, ẹsẹ̀ wa ń rì sínú ewé. Ọ̀fàfà kan bẹ̀rẹ̀ igbe rẹ̀ lókè, ó ń ga sí i, ó ń ga sí i, ó sì gé e lójijì. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò gbọ́ ọ láti ìgbà tí bàbá ti kú. Èmi ò mọ̀ bóyá ọ̀fàfà ni kò ké, tàbí òun ni kì í wá síbẹ̀ lóru. Ibi omi bàbá wà bó ṣe wà. Igbá ti fọ́, òkúta wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bu omi sọ́wọ́, mo mu ún. Ó tutù dé eyín.

"Ẹ wo ibí," ló wí.

Ó ti tan iná náà lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, bí mo ṣe ní kó ṣe é. Lára òkúta tó dúró gangan, ní ìwọ̀n ejìká wa, níbi tí omi ti ń yọ̀ wálẹ̀ bí òróró, wọ́n wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n dé mẹ́tàdínlógún. Wọ́n dúdú, wọ́n gùn, ìrù wọn tẹ́ẹ́rẹ́, olúkúlùkù lẹ̀ mọ́ òkúta, orí sókè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n, wọ́n á ta gìrì, wọ́n á yọ̀ ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, wọ́n á tún lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí òkúta ti là ni ìyá tàbí bàbá kan wà, àwọ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti òkúta, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, ó sì dá a dúró.

"Gbogbo ayé, ibí yìí nìkan?"

"Àpáta Ìdànrè nìkan."

"Bàbá mọ̀?"

Mo ní rárá.

Ó pa iná. A dúró nínú òkùnkùn, omi ń kán. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní àwọn alágbàro tó fín oko lọ́dún tó kọjá ti fọ pọ́ńpù wọn ní ìsàlẹ̀ ibi yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi orógbó, òun sì rí wọn, òun ò sọ nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ kéré. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, mo sì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

Lówùúrọ̀, kí oòrùn tó mú, ó gé ọ̀pá pèrègún wá, ó dì wọ́n mọ́ èjìká. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko ń kí wa, "Àroko bọ́dún dé o!" a ń dáhùn. Ó ń fi àdá gbẹ́ ihò, èmi ń ti pèrègún bọ̀ ọ́, mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀, láti ìdí orógbó lọ dé ibi tí àpáta ti gba ilẹ̀. A gbìn tó ogójì. Nígbà tí a dé igun tó kẹ́yìn, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú jù, tó sì tẹ́jú, ó dúró, ó wò yíká, ó sì gbẹ́ ihò mẹ́ta tó kù ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí inú igbó. Mo rí i. Mo ti pèrègún bọ̀ ọ́, mo tẹ ìdí rẹ̀.